Fíìmù Tí Yóò Rí Ilà Màmá Àkíbù

Lánlátẹ̀, Ọjọ́ Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí òkè tó wà níwájú ilé wa kò fi hàn títí oòrùn fi gòkè. Ètè mi là. Kóńgò gaarì tún ti wọ́n sí i. Àwọn tó ń ṣe é ní ilẹ̀ le, ẹ̀gẹ́ kò ṣeé wú.

Mo yà kí Màmá Àkíbù. Ẹnu ọ̀nà ni mo bá wọn, wọ́n gbé ojú òsì sí oòrùn bí ẹni ń yẹ náírà wò bóyá ayédèrú ni. Ojú ọ̀tún ti lọ láti ọdún tí Àkíbù wọ ilé ìwé, nígbà tí pòròpórò àgbàdo gún un lóko. Òsì nìkan ni wọ́n fi ń lo ayé, awọ funfun sì ti ń bo òun náà. Àkíbù ti gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn kan n'Íbàdàn: Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé, kí ojú lè san kí ààwẹ̀ tó wọlé.

"Tíṣà, kámẹ́rà tí o máa ń gbé kọ́rùn yẹn, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

"Ya fótò mi. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ sí i."

Mo ní Àkíbù ní fóònù. Wọ́n pòṣé, wọ́n pe Àkíbù pé kó gbé e wá kí n rí nǹkan. Mo wo fótò wọn tó wà nínú rẹ̀. Ojú tó wà níbẹ̀ ń dán, ó jọ̀lọ̀, kò sí ilà kan lára rẹ̀.

"Ta nìyí?" Màmá bi mí. "Ẹyin adìẹ ni àbí èmi Sàrátù?"

Àkíbù ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, fóònù ló ń tún ojú ṣe. Ó ń sọ yín di ọmọge ni."

"Ta ló rán an níṣẹ́?"

Ọjọ́rú, 8 Ṣẹ́rẹ́

Màmá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo irọ́ kejì. Fótò àtijọ́ kan ni, wọ́n fi gèlè wé e, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Akínladé tó ní ilé fótò l'Érúwà nígbà náà ló yà á lọ́dún 1967. Màmá jókòó lórí àga, ọrùn wọn gùn, ilà àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta dúró gbọnin lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní àdúgbò yìí pé méjì àbọ̀ ni ilà òsì Màmá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá imú, ó dé agbedeméjì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, "Ilàòpé" ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Mo gbé awò mi tó ń mú nǹkan tóbi lé fótò náà. Ilà tí ọ̀bẹ bá kọ máa ń fẹ̀ láàárín, á sì tín-ín-rín lẹ́nu méjèèjì. Ìdajì ìkẹyìn ilà yìí gún régé bí èyí tí a fi rúlà fà. Pẹ́ńsùlù ni. Akínladé ló bá wọn parí ilà sórí nẹ́gátíìfù, fíìmù tí a ti fọ̀ tí a fi ń tẹ fótò, gẹ́gẹ́ bí àwọn oní-fótò ayé ọjọ́un ṣe máa ń mú àpá kúrò tí wọ́n sì máa ń fi irun kún irun.

"Ó rò pé òun ṣe mí lóore," ni Màmá wí. "Bí mo ṣe rí i ni mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi ní ẹ̀bùn ni, kí n dúpẹ́."

Mo ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Olóòlà kọ ọ̀tún tán. Ó kọ méjì lósì, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Ọmọ náà ké igbe kan.

"Ìyá mi ní igbe yẹn kò jọ igbe ọmọ. Ó já mi gbà lórí itan olóòlà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó gbé mi sáré títí dé Ayétẹ̀, nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, ó ní ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ kó wá kọ ọ́ sí ojú òun. Ó kú kí n tó tó ẹni tó ń dáná. N kò ní aṣọ rẹ̀, n kò ní fótò rẹ̀. Àbọ̀ yìí ló fi sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n fi ìka wọn lé ibi tí ilà náà dúró.

"Fóònù yọ ọ́ kúrò. Akínladé fi kún un. Ìwọ, Tíṣà, má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́, mà.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ṣẹ́rẹ́

Fíìmù méjì ni mo ní nínú fíríìjì, dúdú-àti-funfun méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ irinwó, ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún: iye yìí ló ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó. Irinwó kì í béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ó lè yàwòrán lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kódà bí orí ẹni tí a ń yà bá ń mì díẹ̀. Orí Màmá sì ń mì díẹ̀. Ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ tóbi, ó dà bí gaarì tí a kò kù dáadáa. Ọgọ́rùn-ún kúnná bí èlùbọ́ tí a fi asẹ́ kù, kò sí ohun tí kì í rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ oòrùn, ó sì fẹ́ kí ènìyàn dúró bí òpó.

Mo yan irinwó. Kí orí tó ń mì má ba iṣẹ́ jẹ́.

Japheth, ọkọ mi, bá mi nídìí fíríìjì. "Ìyá Dámi, nígbà wo ni fíìmù yìí máa kúrò láàárín ẹja mi?"

"Ẹ̀yin ẹ kó ẹja yín kúrò láàárín fíìmù mi."

Ó ní òun ti fẹ́ ẹ̀rọ ayàwòrán láìmọ̀.

Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́

Mo ya àwòrán méjìlá. Màmá wọ bùbá aláwọ̀ ewé, wọ́n jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú kámẹ́rà mi, ènìyàn máa ń tẹ orí ba wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo kànga ni. Màmá ní ó wu àwọn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń yàwòrán náà ń forí balẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń yà.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́

Mo fọ fíìmù náà. Ogún lórí tẹmómítà ni oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wà. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, àlá ni ìyẹn nílùú yìí. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, omi inú àmù tutù fúnra rẹ̀. Ogún àti díẹ̀ ni mo bá a láàárọ̀. Mo kí ọyẹ́ kú iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́

Iná dé fún wákàtí díẹ̀, mo tẹ fótò mẹ́ta. Kò dára. Ojú Màmá funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilà ọ̀tún dà bí òjìji, àbọ̀ ti òsì kò sí rárá. Fíìmù irinwó kò rí i. Hóró rẹ̀ ti gbé e mì.

Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fà á. Ọgọ́rùn-ún ló kàn.

Ẹtì, 17 Ṣẹ́rẹ́

N kò mọ ohun tó fà á.

Mo tún gbé awò lé e lónìí. Létí gèlè Màmá, níbi tí aṣọ ti pàdé iwájú orí, funfun náà dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ ènìyàn kì í parí báyẹn. Mo gbé fótò dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Màmá, ṣé ẹ lẹ pàúdà lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Kí n jókòó ya fótò láì lẹ pàúdà? Ṣé wọ́n lé mi nílé ni?"

"Ṣé ó pọ̀?"

"Ó tó." Wọ́n rò ó díẹ̀. "Mo lẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú kan ni mo fi ń wo dígí."

Pàúdà ti kún inú ilà bí iyanrìn ṣe ń kún ojú agbàrá. Mo sì wo ojú yẹn láti ìtòsí, mo wò ó nínú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀méjìlá! Nínú ọyẹ́, ojú gbogbo wa ló funfun, ọwọ́ funfun, ẹsẹ̀ funfun. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Mo sì ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru fíìmù tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Japheth, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn wò kò yẹ ojú wò.

Àìkú, 19 Ṣẹ́rẹ́

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wo ilà ojú àwọn àgbà dípò kí n tẹ́tí sí ìwàásù. Mẹ́rin péré ló kù tó ní ilà ní ìjókòó àwọn ìyá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀gbẹ́ máa ń gbẹ́ ilà jáde. Èyí tó ń bọ̀ láti iwájú máa ń pa á rẹ́. Mo ti mọ ibi tí Màmá yóò jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ṣẹ́rẹ́

Fíìmù ọgọ́rùn-ún. Màmá kò lẹ pàúdà. Mo fi òrí pa ojú wọn fúnra mi, díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Awọ wọn rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n pa ojú dé.

"Ìyá rẹ ló ṣe èyí fún mi gbẹ̀yìn," ni wọ́n wí, "lọ́jọ́ tí mo bí Àkíbù."

Mo fi òrí pa wọ́n dé ẹ̀yìn etí. 

Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí oòrùn àárọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kọjá. Mo ní kí wọ́n fi orí ti òpó ilẹ̀kùn kó má bàa mì. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, wọn á dá èémí dúró. Ní ìkarùn-ún, wọ́n ní, "Tíṣà, bí o bá fẹ́ pa mí, kí n kọ́kọ́ kírun."

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Mo ba fíìmù náà jẹ́. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Àìkú, 26 Ṣẹ́rẹ́

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo fọ ọ́ tán. Mo gbé e sókè sí iná, mo rí ilà. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, àti àbọ̀ náà. Ayọ̀ pọ̀ lára mi. Mo so ó kọ́, omi ń kán lára rẹ̀, mo wá fi ìka méjì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè tètè gbẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì. Ṣùgbọ́n inú ọyẹ́ ni a wà. Erùpẹ̀ wà lójú afẹ́fẹ́, ó wà lórí omi, ó wà láàárín ìka mi. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo ló fa ọgbẹ́ gbọọrọ láti àwòrán kìíní dé èkejìlá, ó sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá kọjá nínú gbogbo wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, n kò sì ní fíìmù mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 27 Ṣẹ́rẹ́

Mo tẹ ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́, mo gbé e lọ han Màmá. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Wọ́n gbé e jáde sínú oòrùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Wọ́n ń kà á. Nígbà tí wọ́n dé òsì, wọ́n tún un kà.

"Kí ni èyí tó dúró gbọọrọ yìí?"

"Ìka mi ni, mà. Ìka mi ló fà á."

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan. "Àkíbù! Àkíbù ò! Wá wo olóòlà! Tíṣà ti kọ mí nílà! Mo sá fún ti àkọ́kọ́ dé Ayétẹ̀, mo bọ́ sọ́wọ́ ti Lánlátẹ̀!"

Àkíbù kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín. "Màmá Dámi, ẹ kú iṣẹ́. Èló lẹ ń gbà lórí ojú kan?"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá di ọwọ́ mi mú, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó kù díẹ̀, àbí? Láàárọ̀ yìí, n kò mọ̀ bóyá Àkíbù ni mo ń wò tàbí àga."

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹ́rẹ́

Mo pe Dámilọ́lá l'Ékòó. Ọmọ mi kò jẹ́ kí n ráhùn tán lórí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tí fíìmù kan ti dà báyìí. Ó ní kí n gbàgbé owó, kí n sọ èyí tí mo fẹ́. Irinwó wà. Ọgọ́rùn-ún ti tán nílé ìtajà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ẹyọ kan tí kì í rí pupa.

Mo mọ irú fíìmù yẹn. Ohunkóhun tó bá pupa, dúdú ló ń kà á sí. Gbogbo ohun tó wà lójú awọ, ihò, ìlà, àpá, ló máa ń gbé jáde, pàápàá lára ènìyàn pupa. Àfi pé yóò sọ ènìyàn pupa di dúdú. Ó jọ pé irú rẹ̀ ni Akínladé lò lọ́jọ́un, torí Màmá dúdú nínú fótò àtijọ́ yẹn, wọn kò sì dúdú rí.

Ìyẹn sì ni ìṣòro mi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi kún un, n kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Ṣé dídúdú kì í ṣe àfikún? Mo ní kí Dámi fún mi ní ọjọ́ kan.

Ọjọ́bọ̀, 30 Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ bi olójú léèrè. Mo ṣàlàyé rẹ̀: irinwó yóò jẹ́ kí wọ́n pupa bí wọ́n ṣe pupa, ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán an lórí àbọ̀ ilà. Èkejì yóò rí àbọ̀ náà, ṣùgbọ́n yóò sọ wọ́n di dúdú.

"Báwo ni mo ṣe máa dúdú tó?"

"Bíi tèmi, mà."

"Háà." Wọ́n fọwọ́ pa apá wọn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Màmá pupa. Nígbà èwe wọn, wọ́n ní bí wọ́n bá kọjá lọ́jà Ayétẹ̀, ẹni tó ń wọn àgbàdo á ṣìwọ̀n. "Ọkọ mi torí pupa yìí ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"Pupa, Ọlọ́hun ló fún mi, yóò sì gbà á padà nínú ilẹ̀. Àbọ̀ ilà, ìyá mi ló fún mi. Mú èyí tó rí ìyá mi."

Mo pe Dámi láti ẹnu ọ̀nà wọn.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Fíìmù ti kúrò l'Ékòó láti àná, ọwọ́ awakọ̀ kan ló wà. Awakọ̀ náà ní òun ti sùn n'Ígbó-Ọrà, mọ́tò òun bàjẹ́. Mo bi í níbi tó gbé e sí. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ó wà lókè iwájú mọ́tò níbi tí òun ti ń rí i dáadáa. Nínú oòrùn! Mo ké. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe bọ́tà."

Japheth ti gbé ọ̀kadà kí n tó pa fóònù. Ó gbé kúlà tó fi ń ra ẹja dání.

Ìrọ̀lẹ́: ó ti dé. Fíìmù tutù, ó ń rùn bí ẹja tútù. Eruku bo Japheth dé ìpéǹpéjú. Mo gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un, mo sì bu ọbẹ̀ méjì fún un láìjẹ́ pé ó béèrè.

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Ọyẹ́ ti lọ. Ó lọ lálẹ́ àná láìdágbére. Òkè hàn, ooru dé. Òrí ń yọ́ lójú Màmá bí mo ṣe ń fi pa wọ́n. Ìdí ilẹ̀kùn kan náà, òpó kan náà. Àwòrán méjìlá, n kò kánjú. Láàárín ìkeje àti ìkẹjọ, awọsánmà bo oòrùn, a jókòó dúró dè é. Màmá bi mí bóyá ọ̀bẹ ojú máa ń dun ènìyàn. Mo ní wọn á fi oògùn sí i, kò ní dùn wọ́n.

"N kò bẹ̀rù ìrora. Ṣé o mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù? Nígbà àkọ́kọ́, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè já mi gbà."

Oòrùn jáde. Mo ya ìkẹjọ.

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé

Omi inú àmù wà ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí mo bá fi fọ fíìmù yìí, yóò dúdú jù, yóò sì le. Iná kò sí láti Ọjọ́bọ̀. Fíríìjì wa gbóná ju àmù lọ. Japheth tún gba Èrúwà lọ, ó gbé yìnyín wá lọ́dọ̀ àwọn alẹ́ja, ó fi àpò ìrẹsì wé e. A ki ìgò oògùn bọ inú yìnyín títí tẹmómítà fi dé ogún.

Àǹfààní fíìmù tí kì í rí pupa ni pé a lè tan iná tọ́ọ̀ṣì pupa tì í. A dí ojú fèrèsé yàrá ìkẹ́rù ní ọ̀sán gangan, mo sì ní kí Japheth wọlé. Láti ogójì ọdún tí a ti fẹ́ra, òkùnkùn iṣẹ́ yìí ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ń fa fíìmù náà gba inú àwo kọjá, ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ kan sísàlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan.

"Ìyá Dámi. Ìyá Dámi, wọ́n ń bọ̀."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Wọ́n ń bọ̀! Gèlè wọn nìyẹn!" Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni wà níbi ìkómọ.

N kò fi ìka fa omi rẹ̀. Mo da omi sílẹ̀ ilé ìwẹ̀ kí eruku lè jókòó, mo so ó kọ́ síbẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn pa, mo sì kéde pé kò sí ẹni tó máa wẹ̀ lónìí. Ẹhìnkùlé ni Japheth ti wẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Ó gbẹ. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ìkẹjọ ló dára jù.

Ẹtì, 14 Èrèlé

Kò sí iná. Epo jẹnẹrétọ̀ ti gòkè sí i. Mo ra lítà mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Jẹnẹrétọ̀ ń mi ilé, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ fótò sì ń mì pẹ̀lú rẹ̀. Japheth lọ jókòó lé jẹnẹrétọ̀ náà lórí, pẹ̀lú tìmùtìmù, kó lè dákẹ́ díẹ̀. Ewé bébà ńlá mẹ́rin ni mo ní, èyí tó fẹ̀ tó láti jẹ́ kí ojú tó ń kú rí i. Mo ba méjì jẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde. Màmá nìyẹn. Dúdú, wọ́n ń dán, òpó ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, díẹ̀ ló hàn torí ọ̀tún wà nínú òjìji. Lósì, ọ̀kan, méjì, àti àbọ̀. Ìdí àbọ̀ náà fẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò tín-ín-rín bíi tàwọn yòókù. Ṣe ló gé bí okùn tí a já. Ibi tó gé sí kò dúdú tó bí mo ṣe fẹ́. Bí mo bá fún ibẹ̀ nìkan ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i lórí bébà kẹrin, yóò dúdú sí i, yóò yọ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

Mo dá bébà kẹrin padà sínú páálí rẹ̀.

Àìkú, 16 Èrèlé

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé e lọ. Àkíbù gbé àga ìyá rẹ̀ sí àárín àgbàlá níbi tí oòrùn ti pọ̀ jù. Màmá gbé fótò náà lé itan. Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ń wá ihò tó ṣì mọ́lẹ̀ nínú ojú wọn. Ó pẹ́. Mo ro gbogbo ohun tí mo lè ṣe bí wọn kò bá rí i, n kò rí ọ̀kan.

"Mo dúdú lóòótọ́," ni wọ́n wí.

Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó tọ ilà àkọ́kọ́ dé òpin. Ó tọ èkejì. Ó bọ́ sórí ẹ̀kẹta, ó rìn, ó dúró. Kò wá ibi tí yóò dúró. Ó kàn dúró.

"Ibí ni," wọ́n wí. "Ibí ló ti já mi gbà."

Àkíbù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni ń wo ewúrẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, Màmá ní, "Ìwọ lo máa bá mi lọ s'Íbàdàn. Àkíbù lè wa mọ́tò. Ìwọ ni kó o dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ké, o mọ ohun tó o máa ṣe."

"Èmi ló máa já yín gbà, mà."

"Ẹsẹ̀ rẹ tó Ayétẹ̀?"

"Ó tó o, mà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé. Ìbàdàn

Wọ́n gbé wọn wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ṣèlérí. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ jókòó níbi tí àwọn yòókù jókòó sí, mo ní mo dúpẹ́. Ó tún wá. Mo ní mo dúpẹ́.

Wọn kò ké.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé. Ìbàdàn

Wọ́n ṣí ojú náà láàárọ̀ yìí. Dókítà kò ju ọmọ ọdún ọgbọ̀n lọ, ó ní sùúrù. Èmi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù Màmá; fótò náà wà lórí itan mi, torí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tú báńdéèjì, ó nu ẹ̀gbẹ́ ojú, ó sún sẹ́yìn, ó na ìka sókè.

"Màmá, mélòó ni ẹ rí?"

Màmá ṣẹ́jú. Omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n na ọrùn síwájú, Àkíbù sì di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú.

"Méjì àbọ̀," ni wọ́n wí.

Dókítà wo ìka rẹ̀. Ó rọra sún mọ́ wọn. "Màmá, ìka kì í ní àbọ̀. Ẹ tún un wò dáadáa. Mélòó ni?"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń wo orí itan mi.